Kí A Tó Pààrọ̀ Afárá Ẹlẹ́sẹ̀ Nínú Igbó Tí Odò Ń Kún Bò

Etí odò ni ìtàn ìlú Òṣogbo ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ ọ́ pé nígbà tí Lárọ̀óyè àti Olútìmẹ̀hìn kó àwọn ènìyàn wọn dé, bèbè Ọ̀ṣun ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, ṣùgbọ́n bí odò náà ṣe ń kún bo bèbè rẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n ṣí kúrò, wọ́n bọ́ sí ibi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀ nínú igbó tí a ń pè ní Igbó Ọ̀ṣun lónìí, kí wọ́n tó wá gòkè lọ sí ibi tí ìlú wà báyìí. Ilé lè ṣí fún omi. Ojúbọ kò lè ṣí bẹ́ẹ̀. Ojúbọ Ọ̀ṣun ṣì wà létí odò, ẹsẹ̀ àwọn olùjọ́sìn àti àwọn àlejò kò sì dá níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi di dandan pé kí ọ̀nà àti afárá wà ní orí ilẹ̀ tí àwọn tó dá ìlú sílẹ̀ fúnra wọn sá kúrò lórí rẹ̀.

Afárá àsorọ̀ kan wà nínú igbó náà, èyí tí okùn irin gbé ró lókè odò, àlejò tí yóò sì kúrò nínú igbó láì dúró lórí rẹ̀ ya fọ́tò kò wọ́pọ̀. Nígbàkígbà tí òjò bá ń rọ̀ lemọ́lemọ́, tí omi Ọ̀ṣun sì ga, ìbéèrè kan náà ni ó yẹ kí gbogbo wa máa bi ara wa, ẹni tí ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun àti ẹni tí ó kàn ń gba orí afárá Gbódófọ́n kọjá: irú afárá ẹlẹ́sẹ̀ báyìí, báwo ni a ṣe ń yọ ọ́ kúrò tí a ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí sì ni yóò gbà? Kì í ṣe Òṣogbo nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Odò Ọ̀ṣun, tí ó ṣẹ̀ ní Ìgẹ̀dẹ́ Èkìtì, tí ó sì gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, inú ọ̀sà Lẹ́kì ni ó ń já sí, níbi tí àwọn tí ń tọ́jú igbó etíkun ti ń bá irú wàhálà kan náà yí, tí iyọ̀ òkun sì tún bù kún un fún wọn. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé a máa ń sọ̀rọ̀ pípààrọ̀ afárá bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ pípààrọ̀ ilẹ̀kùn: bí èyí bá ti gbó, kí a wọn ẹnu ọ̀nà, kí káfíńtà kan òmíràn sí i. Afárá tí ó wà lórí ilẹ̀ tí odò ń kún bò kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ó pa ti àkọ́kọ́ ṣì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀.

Pákó ni ojú máa ń rí. Pákó tí ó jẹrà, ìṣó tí ó yọrí, irin ìdìmú tí ó ń mì, àwọn wọ̀nyí ni a máa ń nàka sí nígbà tí a bá sọ pé afárá ti gbó. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àwọn afárá tí odò ti gbé lọ káàkiri ayé, ìdí wọn ni omi ti sábà máa ń mú wọn. Nígbà tí omi bá sáré kan òpó tàbí ògiri tí a mọ sí bèbè, ó máa ń yí bírí lọ sí ìsàlẹ̀, á sì máa họ yanrìn àti amọ̀ kúrò ní ìdí òpó náà díẹ̀díẹ̀, títí tí òpó yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má dúró lórí ohunkóhun. Èyí tí ó burú níbẹ̀ ni pé bí omi bá ti ń fà, ẹrẹ̀ tuntun á tún bo ihò náà, nítorí náà ẹni tí ó bá lọ wo afárá ní ọjọ́ kejì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Agbára omi pẹ̀lú kì í pọ̀ sí i bí ojú ṣe rò: bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń ti ohun tí ó dúró níwájú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Kí igi ńlá kan wá wó sódò lókè lọ́hùn-ún, kí ó há mọ́ irin ìdìmú, kí ewé, ọ̀rá àti pàǹtírí ìlú sì dì mọ́ igi náà, ìsédò ni afárá dà nígbà yẹn, bí odò sì ṣe ń ṣe ìsédò tí kò lágbára ni yóò ṣe é. A kò tíì gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún 2011 ní Ìbàdàn, nígbà tí òjò wákàtí díẹ̀ wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ afárá, tí ẹ̀mí tí ó lé ní 100 sì bá a lọ. Nínú àwọn odò tí ó ṣe iṣẹ́ yẹn, òmíràn wà tí ọmọdé lè là kọjá nínú ọ̀gbẹlẹ̀.

Afárá àsorọ̀ kì í ní òpó láàárín omi, àǹfààní rẹ̀ sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ wà níbi méjì tí àlejò kì í wò: okùn irin tí ó gbé e ró, àti ibi tí a so okùn náà mọ́ nínú ilẹ̀ ní bèbè méjèèjì. Inú ilẹ̀ yìí ni omi máa ń gúnlẹ̀ sí, inú ilẹ̀ yìí náà sì ni irin ti máa ń dípẹtà láì sí ẹni tí ó rí i. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Morbi ní orílẹ̀-èdè Íńdíà yẹ kí ó máa wá sí wa lọ́kàn. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ àsorọ̀ kan wà níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n tì í pa fún àtúnṣe, wọ́n tẹ́ ilẹ̀ tuntun sí i, wọ́n sì ṣí i padà ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, nígbà tí èrò kún orí rẹ̀, ó já, àwọn tí ó kú sì lé ní 130. Àwọn tí wọ́n yàn láti wádìí rẹ̀ rí i pé nínú fọ́nrán wáyà 49 tí ó wà nínú okùn kan, 22 ti jẹrà ṣáájú ọjọ́ náà, àti pé ilẹ̀ tuntun tí wọ́n tẹ́ wúwo ju pákó àtijọ́ lọ. Ilẹ̀ afárá ni wọ́n pààrọ̀. Okùn tí ó gbé e ró ni wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé afárá kan ti di tuntun nítorí pé pákó rẹ̀ ń dán, Morbi ni mo máa ń rántí.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó ṣáájú ọ̀rọ̀ owó, igi àti irin ni èyí: ibo ni omi ń dé? Àwọn ẹnjiníà máa ń sọ̀rọ̀ nípa àkúnya ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé ẹni tí ó gbọ́ ọ á rò pé bí irú rẹ̀ bá ti wáyé ní èṣí, ọmọ-ọmọ wa ni yóò rí èkejì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé lọ́dọọdún, ìdá 1 nínú 100 ni ó ṣeé ṣe kí omi dé ibi gíga yẹn, yálà ó dé ibẹ̀ ní ọdún tó kọjá tàbí kò dé ibẹ̀. Bí a bá wá kọ́ afárá tí a fẹ́ kí ó lo ọdún 50, ó tó ìdá 39 nínú 100 pé irú omi bẹ́ẹ̀ yóò bá a ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá gbé ilẹ̀ afárá sí ibi tí omi ń dé gan-an, kò tíì tó. Àyè gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù láàárín omi àti ìsàlẹ̀ afárá kí igi tí ń léfòó lè gbà kọjá.

Ibi tí omi ń dé kì í sì í dúró sójú kan. Ìlú wa ti gbòòrò. Ilẹ̀ tí ó máa ń fa omi òjò mu tẹ́lẹ̀ ti di òrùlé, kankéré àti ọ̀dà, gbogbo omi tí kò rí ilẹ̀ wọ̀ yìí sì ń sáré wọ inú odò láàárín àkókò kúkúrú. Ní òkè odò, ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà, àwọn tí ń wa góòlù ti da ilẹ̀ rú débi pé omi Ọ̀ṣun ti yí àwọ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ̀rọ̀ lórí ewu rẹ̀ fún ẹni tí ń mu omi náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti afárá ni mo ń sọ níhìn-ín: ẹrẹ̀ tí omi bá gbé wá, ibi tí odò ti rọra ń ṣàn ni ó máa ń jókòó sí, bí ìsàlẹ̀ odò bá sì ti ń ga, ìwọ̀n òjò kan náà á mú kí ojú omi ga ju ti àtijọ́ lọ. Àmì ọdún mélòó kan sẹ́yìn nìkan kò lè tó wa ṣe ìdíwọ̀n. Síbẹ̀, àmì ṣe pàtàkì, a sì ní wọn lọ́fẹ̀ẹ́: pàǹtírí tí ó há sórí ẹ̀ka igi, ẹrẹ̀ tí ó gbẹ mọ́ ara ògiri, àti ẹnu àwọn àgbà tí wọ́n mọ ọdún tí omi wọ ibi tí kì í wọ̀. Agbaṣẹ́ṣe tí ó bá wá ya àwòrán afárá láì bá wọn jókòó ti fi ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ ibi tí omi ń dé, ó kù kí a mọ irú àdéhùn tí a fẹ́ bá a ṣe. A lè gbé afárá ga kọjá orí omi. A sì lè jẹ́ kí ó wà nílẹ̀, kí a gbà pé omi yóò gba orí rẹ̀ kọjá ní ọjọ́ mélòó kan lọ́dún, kí a ṣe irin ìdìmú rẹ̀ ní èyí tí ó ṣeé yọ tàbí tí ó lè dùbúlẹ̀, kí a sì ti ọ̀nà pa ní àwọn ọjọ́ náà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n máa ń fi ṣéènì de ilẹ̀ afárá kékeré mọ́ bèbè kan ṣoṣo, kí omi lè ti í sí ẹ̀gbẹ́ láì gbé e lọ, tí wọn yóò sì fà á padà sáyè rẹ̀ nígbà tí omi bá fà. Ọ̀nà kejì àti ẹ̀kẹta dára fún odò kékeré inú igbó. Fún odò tí ó tó Ọ̀ṣun, mo gbà pé ti àkọ́kọ́ ni ó yẹ, ìyẹn afárá tí kò ní òpó kankan nínú omi, tí a fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn jìnnà sí bèbè, kódà bí ìyẹn yóò bá mú kí ó gùn sí i kí ó sì wọ́n sí i. Àṣìṣe tí a máa ń ṣe ni pé a máa ń gé afárá kúrú kí owó má baà pọ̀, a ó wá kó yẹ̀pẹ̀ dí ìyókù láti fi ṣe ọ̀nà tí a ó gbà gun orí rẹ̀. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ yẹn ni yóò sé omi mọ́ ibi tí ó ti máa ń tàn ká tẹ́lẹ̀, tí yóò sì fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí abẹ́ afárá, níbi tí eré rẹ̀ yóò ti pọ̀ sí i. Ọ̀nà tí a tẹ́ sórí àwọn òpó kéékèèké, tí omi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ni ó bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu.

Ọ̀rọ̀ èrò tún wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ nínú ọdún, ènìyàn mẹ́ta, mẹ́rin ni ó lè wà lórí afárá inú igbó lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ tí Arugbá bá gbé igbá lọ sódò ní oṣù Ògún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń kún inú igbó, àsìkò òjò sì ni oṣù Ògún. Ìdíwọ̀n tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Yúróòpù fún afárá tí èrò lè kún ni nǹkan bí kílógíráàmù 500 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Afárá tí ó gùn ní mítà 30, tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan àti ààbọ̀, gbọ́dọ̀ lè gbé tọ́ọ̀nù 22 àti ààbọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìwọ̀n nìkan sì kọ́, mímì pẹ̀lú ń bẹ. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ Millennium ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ṣí ní oṣù Òkúdù ọdún 2000, lẹ́yìn ọjọ́ méjì péré ni wọ́n ti tì í, nítorí pé ìṣísẹ̀ àwọn èrò mú kí ó máa fì sọ́tùn-ún fì sósì. Ọdún 2002 ni wọ́n tó ṣí i padà. Bí ẹsẹ̀ àwọn tí ń rìn jẹ́jẹ́ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí afárá àwọn òyìnbó, ẹ jẹ́ kí a rò ó wò bí ìlù bá ń dún, tí àwọn ènìyàn sì ń jó sí i.

Níbi ohun èlò ni ti Òṣogbo àti ti etíkun ti yà. Ní igbó àbójútó Lekki Conservation Centre ní Èkó, tí ó wà lórí ilẹ̀ hẹ́kítà 78, pákó ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà kọjá lórí irà, afárá àsorọ̀ orí igi tí ó wà níbẹ̀ sì gùn ní mítà 401. Ní irú àyíká etíkun bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń jẹ irin, iyọ̀ tí ó bá wọ inú kankéré á dé ibi tí rọ́ọ̀dù wà, rọ́ọ̀dù á wú, kankéré á sì là. Ilẹ̀ irà rọ̀, òpó sì gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ gan-an kí ó tó bá ilẹ̀ líle. Omi pẹ̀lú, ọ̀nà méjì ni ó lè gbà wá sí ilẹ̀ etíkun, láti inú òjò àti láti inú òkun, òkun fúnra rẹ̀ sì ti ga ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 káàkiri ayé láàárín ọdún 1901 sí 2018. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń kọ́ afárá igbó etíkun fi ń lo irin tí kì í dípẹtà, tàbí ike tí a fi fọ́nrán gíláàsì mú le. Ti wa kò le tó bẹ́ẹ̀. Irin tí a rì sínú síńkì yíyọ́ lè pẹ́ gan-an lórí omi tí kò ní iyọ̀, a sì ní igi líle nílé, bí ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti èkì, tí àwọn òyìnbó ti ń rà lọ láti fi ṣe èbúté tipẹ́tipẹ́. Ohun kan ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún: oògùn tí wọ́n máa ń fi sínú igi rírọ̀ kí ikán má baà jẹ ẹ́. Irú kan wà nínú rẹ̀ tí ó ní àséníìkì, èyí tí ó lè máa jò díẹ̀díẹ̀ wọ inú ilẹ̀ àti omi, àwọn ènìyàn sì wà tí ń pọn omi Ọ̀ṣun lọ sílé fún ìwòsàn àti fún ọmọ bíbí.

Ibi tí a wà yìí kì í ṣe igbó lásán. Ìjọba àpapọ̀ ti ka apá kan rẹ̀ sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1965, àjọ UNESCO sì fi hẹ́kítà 75 rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, èkejì ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur. Lára ohun tí ìyẹn mú lọ́wọ́ ni pé kí orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe ńlá tàbí ìkọ́lé tuntun ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó fi tó ìgbìmọ̀ àjogúnbá àgbáyé létí nígbà tí àyè àti tún èrò pa ṣì wà. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1992 lórí àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ yóò ṣe sí àyíká wà níbẹ̀, òfin ọdún 1979 tí ó dá àjọ tí ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń rí gbogbo èyí bí ìdádúró. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ìbéèrè tí ìwé wọ̀nyí ń béèrè kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àwọn tí ó ni ojúbọ: igi wo ni ẹ fẹ́ gé, kí ni yóò bọ́ sínú omi, ta ni yóò sì fara gbá a?

Ìtàn tí gbogbo ọmọ Òṣogbo mọ̀ ni pé igi tí wọ́n gé ni ó wó sínú odò, tí ohùn kan sì ké jáde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Bí a bá fẹ́ fi ojú iṣẹ́ wò ó, ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kan agbaṣẹ́ṣe ní bèbè yìí nìyẹn. Títí di òní, a kì í gé igi inú igbó náà, a kì í dọdẹ ibẹ̀, a kì í sì í pẹja inú odò náà. Orúkọ oyè Àtáọ́ja fúnra rẹ̀, Atẹ́wọ́gbẹja, ọ̀rọ̀ ẹja ni ó bí i. Ẹ wá wo kankéré tútù. Omi tí ó bá ṣàn kúrò lára rẹ̀ le koko bí omi ẽérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, ó sì lè pa ẹja níbi tí ó bá ti pọ̀ wọ inú odò. Nítorí náà, kò yẹ kí a po kankéré sí bèbè; kí wọ́n dà á sí ìta, kí ó gbẹ, kí wọ́n tó gbé e wọlé. Kíréènì pẹ̀lú kò lè wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n la ọ̀nà fún un láàárín igi àti láàárín àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún mọ. Irin tí wọ́n gé sí ègé kéékèèké, tí ọkùnrin mẹ́rin tàbí mẹ́fà lè fi èjìká gbé, tí wọ́n sì ń fi bóòtù dè pọ̀ lójú ibẹ̀, ni ó bá igbó náà mu. Ó lọ́ra, ó sì ń gba òṣìṣẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìlú wa kò ṣaláìní wẹ́dà.

Àsìkò iṣẹ́ kò gùn. Láti oṣù Bélú títí dé oṣù Ẹ̀rẹ̀nà ni omi máa ń lọ sílẹ̀ tó láti ṣiṣẹ́ ìpìlẹ̀ pẹ̀lú àpò yanrìn tí a fi sé ẹ̀gbẹ́ kan odò. Bí ìwé ìyọ̀ǹda bá pẹ́ títí di oṣù Èrèlé, ó sàn kí wọ́n dúró de ọdún tí ń bọ̀ ju kí òjò ká wọn mọ́ inú kòtò ìpìlẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọn yóò ti afárá àtijọ́ pa pẹ̀lú, kí Àtáọ́ja, Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò ti mọ̀ ṣáájú, kí wọ́n lè sọ ìgbà tí ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀.

Owó kíkọ́ kì í ṣòro rí tó owó ìtọ́jú. Ẹni tí ó ṣí afárá á gé rìbọ́ọ̀nù, wọn á ya àwòrán rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi gíríìsì pa okùn irin ní ọdún kẹjọ kò ní ẹni tí ń yà á. Ó yẹ kí ó wà nínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ta ni yóò máa lọ wo ìdí òpó lẹ́yìn àkúnya kọ̀ọ̀kan, ta ni yóò máa yọ igi tí ó bá há, ta ni ó ní àṣẹ láti fi àgádágodo ti ẹnu ọ̀nà bí omi bá dé àmì kan, àti inú àpò wo ni owó rẹ̀ yóò ti jáde, ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí láti inú owó tí àlejò ń san lẹ́nu ọ̀nà. Mo fara mọ́ ti ẹnu ọ̀nà, bí wọ́n bá yà á sọ́tọ̀ tí wọ́n sì ń ka ìṣirò rẹ̀ sí etí gbogbo ayé.

Iṣẹ́ kan wà tí kò nílò kí a dúró de ìyọ̀ǹda UNESCO tàbí agbaṣẹ́ṣe kankan. Ọ̀pá gígùn méjì tí a fi ọ̀dà sàmì sí lára, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá, tí a rì sí bèbè méjèèjì ní ibi tí àwọn tí ó ni ojúbọ bá gbà wá láàyè (kì í ṣe èyí tí a kàn mọ́ igi, ẹ jọ̀ọ́), àti ẹnì kan tí yóò máa kọ ibi tí omi dé sínú ìwé lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan. Òjò Ọ̀wẹwẹ̀ àti Ọ̀wàrà yóò kún ojú ìwé àkọ́kọ́ fún un.